Aṣọ Èjìká Ìjì-Irin

Sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ra ìwé aláwòrán náà
ní àjà ilẹ̀ ilé ìkàwé kan ní Tòlídò,
lọ́jọ́ tí yìnyín ń bọ́ bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n.
Ìwé ti gbó. Ẹnìkan ti gbé ife kọfí lé Ìjì-Irin lójú,
àmì rẹ̀ rí roboto
bí òǹtẹ̀ tí wọ́n lù mọ́ ọ̀daràn.

Ojú ewé kẹsàn-án: olè ń fò lókè odò,
àpò owó báńkì há sábẹ́ apá rẹ̀.
Ìjì-Irin fa wágọ̀nù kan tu lójú irin
bí ẹní hú ẹ̀gẹ́,
ó jù ú.
GBÀÀ! ni wọ́n kọ, lẹ́tà ńlá, pupa àti yẹ́lò.
Olè já bọ́. Owó padà. Olórí ìlú bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.
Wágọ̀nù ńkọ́?
Ayàwòrán ò sọ ibi tó balẹ̀ sí.

Àgbà ní ẹni tó sòkò sọ́jà,
ará ilé ẹni ní í bà.
Kò rí bẹ́ẹ̀, Ìjì-Irin. Ìwọ ò ní ará ilé.
Ọmọ ọlọ́mọ ni tìrẹ bà.

Ó di ojú ewé kẹrìnlá kí n tó rí i,
ní igun ìsàlẹ̀, àwòrán tí kò ju èékánná lọ:
ilé ìfọṣọ Halina Wrobel, ògiri kan ló kù,
ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ṣì kọ́ sórí okùn,
àti bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan.

O padà lọ lóru. Èyí ni mo fi fẹ́ràn rẹ díẹ̀.
O bọ́ ìbòjú, o wọ kóòtù bí akọ̀wé,
o ká aṣọ èjìká rẹ sínú báàgì,
nítorí eruku bíríkì ò kúrò lára rẹ̀,
o sì ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje ní balùwẹ̀ rẹ.
Halina ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kótópó kan nídìí afárá.
Ó tú aṣọ náà sórí káńtà. Ó fọwọ́ pa á.
Kò pariwo.
Ó ní, "Bíríkì ilé mi nìyí. Mo mọ àwọ̀ rẹ̀."
O ní, "Ìlú ni mo fẹ́ gbà là."
Ó ní, "Ta ni o bi léèrè?"
O ní, "Ká ní mi ò jù ú, olè náà ì bá lọ."
"Kó máa lọ," ló wí. "Owó ni.
Àwa ò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀ ní báńkì yẹn."

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á. Ibùdókọ̀ mi ré mi kọjá.
Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ fún ọ lójú ewé kẹsàn-án.

Kò gba owó tí o nà sí i.
Kò ní òun dárí jì ọ́, kò ní òun ò dárí jì ọ́.
Ó ní Kazik ló máa ń bá òun lọ aṣọ ní Sátidé,
àádọ́ta ṣẹ́ẹ̀tì, kọ́là ṣáájú,
kí o wá.
Ìwọ tí o ń fi ìka kan gbé ọkọ̀ ojú omi,
àyọ́ọ̀nù rẹ jó kọ́là mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
Ó ní, "Rọra. Èyí kì í ṣe tagbára."

Sátidé kẹrin, fèrè ìdágìrì ké:
afárá ń yẹ̀ lápá àríwá, bọ́ọ̀sì ilé ìwé wà lórí rẹ̀.
Àyọ́ọ̀nù gbóná lọ́wọ́ rẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún ló kù.
Halina ò gbójú sókè.
"Máa lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo kà á dé. Ẹnìkan ti ya ojú ewé ìkẹyìn lọ.
Mo padà lọ tú gbogbo páálí tó wà níbẹ̀,
ọwọ́ mi dúdú fún eruku, mi ò rí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé báyìí. Bí mo bá ń fẹsẹ̀ gba orí afárá,
mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń wo ìsàlẹ̀:
odò, òrùlé, ajá kan tí wọ́n so mọ́ òpó,
obìnrin kan tí mi ò mọ̀
ń sá ṣẹ́ẹ̀tì.